Bí mo ṣe darí ijó céilí fún àdúgbò wa ní Drogheda

Ẹgbẹ́ òbí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi ló gbé e lé mi lọ́wọ́ pé kí n ṣètò céilí ọdún náà. Àríyá ijó àwọn ará Ireland ni céilí: tọmọdé tàgbà á kóra jọ sínú gbọ̀ngàn kan, ẹgbẹ́ olórin á jókòó síwájú, ẹnì kan á sì mú máíkì, á máa sọ ẹsẹ̀ tó kàn fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n fẹ́ kó bọ́ sí àsìkò Seachtain na Gaeilge, àjọ̀dún èdè Irish tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta, tó sì máa ń parí ní ọjọ́ 17, ọjọ́ St Patrick. Ọ̀pọ̀ Yorùbá ló wà ní Ireland báyìí, àwọn kan sì ti ń bi mí bí mo ṣe ṣe é, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn náà ti fẹ́ fa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Bó ṣe lọ rèé.

Mo kọ́kọ́ ní láti fi àwọn ènìyàn wa lọ́kàn balẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa ijó Ireland kò ju Riverdance lọ, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní Dublin ní ọdún 1994 láàárín ìdíje orin Eurovision: apá nà gbọnrangandan, ojú kọ iwájú, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ìyá Ìbejì tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa ní orúnkún òun kò gba irú ìyẹn. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn kọ́.” Ijó tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò mọ ijó ni céilí. Bí ẹ bá lè rìn, tí ẹ lè ka ení dé èje, tí kò sì nira fún yín láti di ọwọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí mú, ó parí.

Gbọ̀ngàn ni mo kọ́kọ́ wá. Ilé-ẹ̀kọ́ ní gbọ̀ngàn tirẹ̀, ṣùgbọ́n kankéré ni ilẹ̀ ibẹ̀, rọ́bà tín-ín-rín kan ni wọ́n sì tẹ́ lé e. Olùkọ́ ijó ọmọ mi, obìnrin àgbàlagbà kan tí ó ti ń jó láti kékeré, fi gìgísẹ̀ kan ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó mi orí. Ilẹ̀ pákó ló yẹ kéèyàn wá, torí pé ó máa ń gba ẹsẹ̀ dáadáa, ó sì máa ń dá ìró padà, kí àwọn tó ń jó lè gbọ́ ara wọn. A lọ gba gbọ̀ngàn ìjọ Kátólíìkì. Bí ibẹ̀ ṣe di ilé ijó náà ní ìtàn. Láyé àtijọ́, inú ilé làwọn ará Ireland ti ń jó, wọ́n á ti tábìlì kúrò nínú ilé ìdáná, ó di ijó. Ní ọdún 1935, ìjọba ṣe òfin pé ẹni tó bá fẹ́ ṣí ibi ijó fún gbogbo ayé gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ nílé ẹjọ́. Àwọn àlùfáà àti ọlọ́pàá wá ń lo òfin náà lé ijó inú ilé lórí pẹ̀lú, báyìí ni ijó ṣe kó ẹrù, ó lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ. Ilẹ̀ pákó tí à ń jó lé títí dòní wá láti ibẹ̀.

Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, olórin. Bàbá kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á fi orin inú fóònù ṣe é kí owó má baà lọ. Mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì ṣì dúró lórí ẹ̀ lónìí. Orin inú fóònù kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ìlà àwọn oníjó kan bá dàrú, olórin tó jókòó síwájú rẹ á rí i, á rọra fa orin náà sẹ́yìn, tàbí kí ó tún un lù lẹ́ẹ̀kan sí i bí o bá nàka sí i. Àwa Yorùbá ló yẹ kó mọ èyí jù, nítorí a mọ ohun tí onígángan ń ṣe fún oníjó.

Ẹgbẹ́ tí mo rí gbà kéré: àkọ́díọ̀nù, fáyólìn, fèrè onígi, báńjò, kíbọ́ọ̀dù àti ìlù. Ìlànà ẹgbẹ́ céilí ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti pẹ́. Ti ìlú Kilfenora ní County Clare ti wà láti ọdún 1909, ti Tulla nítòsí ibẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní 1946. Gbogbo wọn ló máa ń lu orin kan náà pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kíbọ́ọ̀dù á máa gún un nísàlẹ̀. Kó tó bẹ̀rẹ̀, onílù á kan igi kékeré kan lẹ́ẹ̀mejì, kọ́, kọ́, orin á sì bú jáde. Ẹni tó bá dàgbà sí ìdí orin I.K. Dairo kò ní ṣàjèjì sí àkọ́díọ̀nù. Báńjò náà sì ti wà lọ́wọ́ Tunde King nígbà tí jùjú ṣì ń rá kòrò l'Ékòó. Èmi kàn ń gbádùn ara mi ní tèmi nígbà tí wọ́n ń dán ohùn wò.

Ijó wo la ó jó? Ijó 30 ni An Coimisiún Le Rincí Gaelacha, àjọ tó ń bójú tó ijó Ireland, kà sílẹ̀ pé olùkọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ ní ti céilí. Bí o bá kó ju ìwọ̀nba lọ sínú alẹ́ kan, wàá fi ẹnu ṣe gbogbo rẹ̀ tán kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀. Walls of Limerick ni mo fi ṣáájú, torí pé ẹni méjì ló ń dojú kọ ẹni méjì, tí wọ́n á sì máa kọjá lọ bá àwọn mìíràn. Kó tó parí, o ti di ọwọ́ ìdajì gbọ̀ngàn mú. Siege of Ennis tẹ̀ lé e, ẹni mẹ́rin sí mẹ́rin, tí àwọn kan á gbé apá sókè kí àwọn tó kù lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn apá yẹn ju oúnjẹ lọ. Haymaker's Jig ni mo fi sí ẹ̀yìn ìsinmi, nígbà tí ara ti yá. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fẹ́ kí n fi àwọn set ti Clare kún un, àwọn tí ẹni mẹ́jọ ń jó ní igun mẹ́rin, tí ẹsẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn. Mo ní rárá. Ìyẹn nílò kíláàsì.

Iṣẹ́ tó kù ló le jù, ìyẹn pípe ijó. Bean an tí ni wọ́n ń pe obìnrin tó bá ń darí, ó sì sún mọ́ iṣẹ́ alága ìdúró níbi ìdána tiwa: bí ẹnu rẹ bá ṣe mú tó ni ayẹyẹ ṣe máa dùn tó. Ọ̀dọ̀ olùkọ́ ijó náà ni mo ti kọ́ ọ, nínú ilé ìdáná rẹ̀, tó ń lu tábìlì tí èmi ń pè. Àkọ́kọ́, ohun tó kàn ni kí o pè, má pe ohun tó ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu rẹ kí gbólóhùn orin tó ń lọ lọ́wọ́ tó parí, torí pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí etí tó ránṣẹ́ sí ẹsẹ̀. Bákan náà, ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí orin bá ti ń lọ, àlàyé ti tán. Gbogbo àlàyé jẹ́ ti ìgbà tí orin kò tíì bẹ̀rẹ̀, tí o máa mú gbogbo ilé rìn ín lẹ́sẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ìlù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, kí n tó pe ẹnikẹ́ni dìde, mo tú àwọn tó mọ ijó ká. Àwọn ọmọ kíláàsì ijó ti fẹ́ tò sójú kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sáàárín àwọn òbí tí kò mọ ohunkóhun. Lẹ́yìn náà ni mo mú máíkì.

“Ẹ di ọwọ́ ẹnìkejì yín mú, obìnrin lápá ọ̀tún. Ẹ rìn síwájú, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ tún un ṣe. Ó ku ẹ̀yin obìnrin: ẹ fẹ̀gbẹ́ rìn sọdá, ẹ gba àyè ara yín. Ẹ̀yin ọkùnrin náà. Ẹni tó dojú kọ yín, ẹ di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú, ẹ fẹ̀gbẹ́ bá a jáde, ẹ bá a padà. Ẹnìkejì yín dà? Ẹ dì í mú, kí ẹ yí!” Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi pè é, mo sì ń ki Yorùbá bọ̀ ọ́ nígbà tí mo bá rí i pé àwọn tiwa ti sọnù. Bí wọ́n bá yí tán, wọ́n á kẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bá jó, àwọn méjì mìíràn á sì ti dúró níwájú wọn. Bar 32 ni gbogbo rẹ̀ (bar ni ìwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń pín orin), ó sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ibi fífi ẹ̀gbẹ́ rìn yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ti máa ń lọ́. Ẹsẹ̀ méje ni, lẹ́yìn ìyẹn mẹ́ta kúkúrú lẹ́ẹ̀mejì lójú kan. Àwọn olùkọ́ ń kà á ní Irish, a haon, a dó, a trí, títí dé seacht. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kejì mo gbọ́ láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ohùn Ìyá Ìbejì, ó ròkè ju tèmi inú máíkì lọ: “Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrùn, ẹ̀fà, èje! Ẹ dúró ńbẹ̀!” Ìlà tó wà níbẹ̀ kò ṣìṣe mọ́. Ọkùnrin Ireland kan tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti ń bá a kà á.

Ohun kan tí ẹni tó bá fẹ́ pe ijó gbọ́dọ̀ mọ̀: àwọn tó bá dé ìparí ìlà kò ní rí ẹni dojú kọ. Wọ́n á rò pé tiwọn ti tán, wọ́n á fẹ́ lọ jókòó, gbogbo ìlà á sì wó. Sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n yíjú padà, kí wọ́n sinmi lẹ́ẹ̀kan, àwọn mìíràn ń bọ̀ wá bá wọn.

Nígbà ìsinmi, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fọn fèrè tín-ín-rín, ọmọkùnrin kan sì lu bodhrán, ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n ń gbé sí àyà. Bàbá kan tó jẹ́ ará Ọ̀yọ́ sún mọ́ ọn, ó fọwọ́ kan awọ rẹ̀. Ó ní, “Awọ ewúrẹ́ ni.” Òótọ́ ni, awọ ewúrẹ́ ni, bíi ti dùndún. Kò ní ọsán tí à ń fún, ṣùgbọ́n ọmọ náà ki ọwọ́ òsì bọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ń tẹ awọ láti inú, ohùn sì ń lọ sókè sódò. Bàbá náà kò kúrò níbẹ̀ títí tí tíì rẹ̀ fi tutù.

Haymaker's Jig ló mú àwọn ará ilé wa jáde pátápátá. Reel, irú orin tí a kọ́kọ́ jó, máa ń pín sí mẹ́rin, orin jig ní tirẹ̀ máa ń lọ ní mẹ́ta-mẹ́ta, ara àwọn ìyá wa sì gbà á lójú ẹsẹ̀. Mo gbà pé nítorí kónkóló ni, torí pé agogo tiwa náà lórí mẹ́ta-mẹ́ta ló ń rìn. Ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn ti kúrò lórí ìlà, ó lẹ owó yúrò márùn-ún mọ́ iwájú orí alákọ́díọ̀nù. Ọkùnrin náà wò mí, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí ohun èlò, kò lè yọ ọ́. Mo sọ nínú máíkì pé ẹ̀bùn ni, pé kó má dá orin dúró. Ó ju orí sẹ́yìn kí owó má baà bọ́, ó ń lu lọ. Kó tó pẹ́, àwọn òbí Ireland méjì náà ti ń tú àpò wò.

Mo sọ ìtàn kan fún wọn kí a tó parí, torí pé ó wù mí pé kí tibí tọ̀hún gbọ́ ọ. Àríyá àkọ́kọ́ tí wọ́n pè ní céilí bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, London ni wọ́n ti ṣe é, ní Bloomsbury Hall, ní ọdún 1897, lábẹ́ ẹ̀ka Gaelic League, ẹgbẹ́ tó ń gbé èdè Irish lárugẹ, tó wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ Ireland tó wà lájò ló dá a sílẹ̀. Àwọn tiwa ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́.

A fi orin orílẹ̀-èdè parí gẹ́gẹ́ bí àṣà, gbogbo ènìyàn dìde. Lẹ́yìn náà ni a to àga, tí a gbá ilẹ̀, tí mo sì san owó olórin; owó tí wọ́n ná fún wọn, wọ́n kó o sínú àpótí ilé-ẹ̀kọ́. Ìgbìmọ̀ ti gba gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ fún oṣù Kẹta tó ń bọ̀. Ìyá Ìbejì ti bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí òun pe Siege of Ennis, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ nínú ilé ìdáná mi, mò ń lu tábìlì.