Káàdì status fún ọmọ wa ní Kánádà: ìbéèrè tí ẹ ń bi mí àti ìdáhùn rẹ̀

Láti ìgbà tí káàdì ọmọ tiwa ti jáde, fóònù mi ò sinmi mọ́. Ọkùnrin Yorùbá tó bá ti fẹ́ obìnrin First Nations (ọmọ onílẹ̀ Kánádà) ní Winnipeg yìí, tàbí obìnrin wa tó bímọ fún ọkùnrin wọn, èmi ni wọ́n máa ń darí rẹ̀ sí. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, ẹ kà á kí ẹ tó pè.

Káàdì tí à ń sọ ni èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú àkọsílẹ̀ tí Indian Act, òfin Kánádà lórí àwọn First Nations, ní kí wọ́n máa tọ́jú. Àkọsílẹ̀ yẹn ni kókó. Káàdì kàn ń jẹ́rìí sí i ni.

Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ní in. Ṣé èmi náà lè gbà á?

Rárá. Láti ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1985, ìgbéyàwó kì í fi orúkọ ẹnikẹ́ni sínú àkọsílẹ̀, kì í sì í yọ ọ́. Ẹ máa san owó orí yín lọ.

Èló ni wọ́n máa ń san fún ọmọ lóṣù?

Ta ló sọ fún yín pé wọ́n ń sanwó oṣù? Àwọn ọmọ Treaty 1, àdéhùn tí àwọn baba ńlá wọn tọwọ́ bọ̀ ní Lower Fort Garry lọ́dún 1871, dọ́là 5 ni wọ́n ń gbà. Lọ́dún o. Ibi tí káàdì ti wúlò fún ọmọ jù ni oògùn, eyín àti awò ojú, nọ́ńbà tó ní dígíìtì 10 tó wà lára rẹ̀ ni wọ́n sì máa ń béèrè.

Métis ni ìyàwó mi ńkọ́? Inuit ńkọ́?

Ọmọ onílẹ̀ Kánádà ni àwọn náà, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe First Nations. Káàdì tiwọn yàtọ̀. Kì í ṣe èyí.

Wọ́n ní fọ́tò ò dára.

Ẹ tún un yà. Ẹ má fi èyí tí ẹ yà níbi ayẹyẹ ránṣẹ́.

Ọjọ́ orí káàdì ti kọjá. Ṣé ọmọ ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn?

Káàdì ló parí, orúkọ ṣì wà níbẹ̀. Ọdún 5 ni ti ọmọdé, ọdún 10 ni ti àgbà. Ẹ lọ tún un ṣe.

A fi ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí ránṣẹ́, wọ́n dá a padà.

Ìwé kékeré lẹ fi ránṣẹ́, èyí tí orúkọ òbí ò sí lórí rẹ̀. Èyí tó gùn ni wọ́n fẹ́, tó ní orúkọ ìyá àti ti baba. Ẹ̀yin obìnrin wa tí ẹ bímọ fún ọkùnrin First Nations, ẹ rí i pé orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé náà, ì báà jẹ́ pé ẹ ti jà. Orúkọ tí ẹ sì sọ ọmọ níbi ìsọmọlórúkọ, bí kò bá sí lórí ìwé yẹn, kò ní sí lórí káàdì.

Wọ́n kọ lẹ́tà pé ọmọ wa ò yẹ. Ìyá rẹ̀ sì ní káàdì. Kí ló dé?

Èyí ni mo bá wọ̀jà. Ẹ wá àga jókòó.

Lójú, káàdì kan ò yàtọ̀ sí èkejì. Ṣùgbọ́n nínú àkọsílẹ̀, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín wọn sí, 6(1) àti 6(2), bí òfin náà ṣe pè wọ́n. Bí ẹni tó jẹ́ 6(1) bá bá ẹni tí orúkọ rẹ̀ ò sí níbẹ̀ bímọ, ọmọ á jẹ́ 6(2). Bí ẹni tó jẹ́ 6(2) bá bá irú èmi àti ẹ̀yin bímọ, ọmọ ò rí nǹkan kan gbà. Bí 6(2) méjì bá fẹ́ra, 6(1) ni ọmọ wọn. Ẹ tún un kà.

6(2) ni ìyàwó mi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà dé, ọ̀rẹ́ mi kan ní ká fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ẹni tó wà lórí káńtà ní ọ́fíìsì tí a lọ ń yẹ fọ́ọ̀mù ọmọ wò lójú méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò sí nǹkan kan tó ṣe fọ́ọ̀mù ọmọ. Mo bá lọ jókòó ti ìyá ìyàwó mi, mo ní kí wọ́n máa sọ ìtàn ìdílé fún mi, ìyá tó bí wọn, ẹni tí ìyá náà fẹ́, àti ìgbà tó fẹ́ ẹ.

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Anishinaabe, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà First Nations, ni ìyá àgbà, ìyẹn ìyá tó bí ìyá ìyàwó mi; òyìnbó àgbẹ̀ kan ni ọkọ wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó yẹn gan-an ni òfin yọ orúkọ wọn. Àbúrò wọn ọkùnrin náà fẹ́ òyìnbó. Òyìnbó tí àbúrò wọn gbé níyàwó wọlé sínú àkọsílẹ̀, ọmọbìnrin bíbí ilẹ̀ tó lọ́kọ òyìnbó jáde! Lọ́dún 1985 wọ́n dá orúkọ ìyá àgbà padà, àmọ́ ìran wọn ò rí tó ohun tí ìran àbúrò wọn rí. Wọ́n tún un ṣe díẹ̀ lọ́dún 2011. Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni àtúnṣe tó kan ìyàwó mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́: ọmọ-ọmọ irú obìnrin bẹ́ẹ̀ di 6(1), bí wọ́n bá bí i ṣáájú ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1985, tàbí tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣègbéyàwó ṣáájú ọjọ́ náà. Ọdún 1983 ni wọ́n bí ìyàwó mi.

Nítorí náà, ipò ìyá la kọ́kọ́ ní kí wọ́n yí, ká tó tún fọwọ́ kan ti ọmọ. A kó ìwé ọjọ́ ìbí ìyàwó mi àti ti ìyá rẹ̀ jọ, àti nọ́ńbà ìyá àgbà nínú àkọsílẹ̀. Ìwé ìgbéyàwó ìyá àgbà ló fẹ́ ya wá ní wèrè. Ṣọ́ọ̀ṣì tó so wọ́n pọ̀ ti kógbá sílé, ìwé rẹ̀ ti lọ sílùú mìíràn. Nígbà tí a sì rí i, àlùfáà tó kọ ọ́ ti kọ orúkọ ìdílé wọn bí ará Faransé ṣe máa kọ ọ́, kò bá ti inú àkọsílẹ̀ mu. Àfidáfíìtì ló yanjú ìyẹn: àgbàlagbà kan tó mọ ìyá àgbà láti kékeré búra pé ẹni kan náà ni wọ́n. Mo wá kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé ìran náà láti orí ìyá àgbà dórí ọmọ mi, mo to orúkọ àti ọjọ́ sísàlẹ̀ ara wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì, ṣùgbọ́n ìyàwó mi di 6(1). Fọ́ọ̀mù ọmọ tí wọ́n ti kọ̀ tẹ́lẹ̀ ò tún gba wàhálà kankan.

Bí kò bá sí obìnrin tí òfin yọ orúkọ rẹ̀ báyìí nínú ìdílé ìyàwó yín, mi ò ní tàn yín jẹ: ọ̀nà yìí ò kàn yín.

Ajẹ́ńtì kan ní òun á bá wa ṣe é.

Ẹ tọ́jú owó yín. Ọ̀pọ̀ First Nation ló ní òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì wọn tó ń bójú tó àkọsílẹ̀, Indian Registration Administrator ni wọ́n ń pè é, kì í sì í gbowó. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rí, kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá kọ̀ jálẹ̀, tí ẹ fẹ́ ta ko ìpinnu wọn, ìgbà yẹn ni kí ẹ wá lọ́yà: ọdún 3 lẹ ní láti ta kò ó. Bí wọ́n bá tún kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, oṣù 6 péré lẹ ní láti gbé e lọ sílé ẹjọ́.