Bí Mo Ṣe Tẹ̀ Lé Ìrèké Mi Wọ Ilé Ẹ̀rọ Ẹgbẹ́ Wa

Inú oko ni ṣúgà ti ń wá. Gbogbo wàhálà ẹ̀rọ, kó má baà ṣòfò ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká gé ìrèké náà mọ́lẹ̀ dáadáa, torí ìsàlẹ̀ igi rẹ̀ ni adùn pọ̀ sí jù. Orí rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ dùn, a bẹ́ ẹ dànù. Bá a ṣe ń gé e la ń kó o sọ́kọ̀, torí kòkòrò àìfojúrí kì í pẹ́ wọ ojú ibi tí àdá ti bà á, á sì máa jẹ ṣúgà rẹ̀.

Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wọn ọkọ̀ tòun ti ẹrù. Wọ́n ti irin gígùn oníhò bọ àárín ẹrù, wọ́n sì fa ìrèké díẹ̀ yọ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n fún un, wọ́n wá gbé omi rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn ṣúgà. Èsì yẹn àti ìwọ̀n ẹrù ni wọ́n jọ fi ń sanwó. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí ẹrù ẹni tó kó iyanrìn àti ewé wá á kàn wúwo lásán ni. Àwa àgbẹ̀ la sì ni ilé ẹ̀rọ yìí: iyanrìn tí mo bá kó wọlé, irin tiwa ló máa jẹ, àdánù rẹ̀ á sì kárí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Ọ̀bẹ ńlá gé ìrèké náà, òòlù fọ́ ọ yángá, ó bọ́ sáàárín irin róbótó mẹ́ta-mẹ́ta tó ń fún un ní àfúntúnfún, wọ́n sì ń bomi sí i kí adùn tó kù lè jáde. Èérún rẹ̀ ni wọ́n ń kó sí bọ́ílà. Iná rẹ̀ ló ń yí gbogbo ẹ̀rọ.

Omi ìrèké náà kan díẹ̀. Wọ́n fi ẹfun tí wọ́n fi òkúta sísun ṣe pa kíkan rẹ̀, wọ́n sè é, ìdọ̀tí sì rọ̀ sísàlẹ̀. Ẹrẹ̀ yẹn wúlò lóko gan-an, mo di díẹ̀ lọ sí ìdí ìrèké tó máa tún sọ.

Ìdí ìkòkò ìkẹyìn, níbi tí wọ́n ti ń se omi ìrèké náà di ṣúgà, ni mo dúró sí pẹ́ jù. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde kó lè hó láì gbóná jù, torí iná tó bá pọ̀ á sọ ṣúgà di dúdú. Ọ̀gá tó ń sè é da hóró ṣúgà tó kúnná lẹ́búlẹ́bú sí i, kí ti inú omi lè rí ohun dì mọ́. Ó ń bu díẹ̀ sórí gíláàsì, ó ń gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó ń wò ó bóyá hóró rẹ̀ dọ́gba.

“Tí mo bá kánjú báyìí,” ó ní, “hóró wẹ́wẹ́ mìíràn á yọ, wọ́n á sì dí ojú asẹ́.”

Mo fọwọ́ ra á wò: ó rí ṣákaṣàka bí iyanrìn odò.

Asẹ́ tó ń yí kíkankíkan fọ́n omi dúdú kúrò, ó wá ku ṣúgà pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì máa fọ̀ di funfun. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù ìrèké 10 ló ń mú tọ́ọ̀nù ṣúgà 1 wá.

Wọ́n san apá kan owó mi. Ìyókù á dé tí ẹgbẹ́ bá ta ṣúgà àti omi dúdú yẹn tán, tá a sì pín in bí ẹrù oníkálukú ṣe tó. Ohun tí mo máa bẹ̀bẹ̀ fún nípàdé ni pé kí wọ́n lẹ èsì àyẹ̀wò gbogbo wa mọ́ ògiri, kí n lè mọ ẹni tí ìrèké rẹ̀ dùn ju tèmi lọ, kí n sì lọ bi í bó ṣe ń ṣe é.