Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń lọ Lọ́ńdọ̀nù, ẹ kọ́kọ́ ka ìwé yìí

Ẹ̀yin ará wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí láàyè díẹ̀. Bí ọmọ yín bá ń múra àtilọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wá ìwé tí ẹni tó ti lọ ṣáájú fi sọ ìtàn ara rẹ̀. Àmọ́ kí ẹ tó fi lé e lọ́wọ́, ẹ̀yin òbí ni kí ẹ kọ́kọ́ kà á.

Èyí tí Buchi Emecheta kọ, Head Above Water, tó jáde ní 1986, ni mo máa ń yá àwọn èèyàn. Èkó ni wọ́n bí i sí. Ní Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ló ń tọ́ ọmọ márùn-ún, tó tún ń lọ sí yunifásítì, tó sì ń kọ̀wé. Ẹ fara balẹ̀ níbi tó ti ń sọ̀rọ̀ ilé àti owó. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kì í ṣe ìgbéraga ló ń jẹ́ kí àbúrò mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù má gbé fóònù tí mo bá pè é lọ́sàn-án.

Tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bá le fún Màmá, kí ẹnì kan máa túmọ̀ rẹ̀ fún wọn lálẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ pe ọmọ yín. Ẹ má tíì dárúkọ owó. Ẹ bi í bóyá ó ti jẹun.