Àyẹ̀wò Oníbàárà Kí Eré Ìdárayá Tó Bẹ̀rẹ̀: Àwọn Ìbéèrè Tí Mo Ti Dáhùn Títí

Lórí fóònù, lẹ́nu ọ̀nà jíìmù, kódà níbi ìnáwó, ìbéèrè kan náà ni ẹ̀yin olùkọ́ eré ìdárayá ń bi mí. Mo kọ ìdáhùn sílẹ̀ níbí kí n lè máa fi ránṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé owó la kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìgbà tó bá ṣubú tán la ń béèrè ohun tó ń ṣe é.

*Ṣé dandan ni àyẹ̀wò fún ẹni tí ara rẹ̀ le?*

Dandan ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ènìyàn.

*Fọ́ọ̀mù wo ni kí n lò?*

PAR-Q+, fọ́ọ̀mù ìbéèrè nípa ìlera ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá. Kánádà ni àkọ́kọ́ rẹ̀ ti wá, ìbéèrè 7 ló sì wà lójú ewé kìíní. Ẹni tó bá dáhùn "rárá" sí gbogbo rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀. Bí "bẹ́ẹ̀ ni" kan bá wà níbẹ̀, ẹ ṣí ojú ewé tó tẹ̀ lé e. Ẹ má jókòó sílé kí ẹ máa dá fọ́ọ̀mù tiyín kọ.

*Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ń kọ "rárá". Láàárín ìṣẹ́jú kan wọ́n ti kọ ọ́ tán.*

Wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀? Ẹ bi ìyá àgbà kan pé, "Ṣé ẹ ní àrùn ọkàn?" "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́" ni wọn yóò dá yín lóhùn. Àwa kì í fẹnu ara wa gba àìsàn, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má béèrè orúkọ àrùn. Ẹ béèrè ohun tí ojú rí: Oògùn wo lẹ lò láàárọ̀ yìí? Ìgbà wo ni wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín gbẹ̀yìn, kí ni wọ́n sì sọ? Tí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ṣé àyà máa ń fún yín? Ìrọ̀rí mélòó lẹ fi ń sùn lálẹ́? Ẹni tó ní òun kò lè sùn àfi kí òun to ìrọ̀rí mẹ́ta lérí ara wọn, tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń wú, ọ̀dọ̀ dókítà ló ń lọ lọ́jọ́ náà, kì í ṣe orí ẹ̀rọ ìsáré.

Ẹ béèrè àgbo lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ kò ka àgbo sí oògùn, bẹ́ẹ̀ wọ́n ń mu ún láàárọ̀ lálẹ́. Ẹ sì fà wọ́n sí kọ̀rọ̀ kí ẹ tó béèrè. Ta ni yóò sọ òótọ́ níwájú ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wá?

*Gbogbo ẹni tí mo bá wọ̀n ni ìfúnpá rẹ̀ ga.*

Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó fún ìṣẹ́jú 5. Kí wọ́n ti tọ̀. Kò gbọ́dọ̀ sí kọfí tàbí sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Ẹ̀yìn kí ó fara ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ra. Apá lórí tábìlì, ní ọ̀gangan àyà. Ẹ dákẹ́, kí àwọn náà dákẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín.

*Mo ṣe gbogbo ìyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo ni tirẹ̀ kọ̀ tí kò wálẹ̀, ilé ìwòsàn sì ní kò sí nǹkan.*

Ìbéèrè yìí gba oṣù méjì lọ́wọ́ mi. Ìyá kan ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Ìbàdàn, oníṣòwò aṣọ, ènìyàn títóbi tó lọ́yàyà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ̀rọ gbé 158/98 jáde. Mo ní kí wọ́n sinmi, mo tún un wọ̀n, 156/98. Mo kọ lẹ́tà lé wọn lọ́wọ́, wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Dókítà rí 136/84, ó ní kí wọ́n dín iyọ̀ kù, kí wọ́n sì máa rìn. Wọ́n padà dé ọ̀dọ̀ mi, ẹ̀rọ tún ní 157.

Mo pààrọ̀ bátìrì. Mo wọn ara mi, kò sí ìṣòro. Mo wọn ọmọkùnrin tó ń bá wa gbálẹ̀, kò sí ìṣòro. Mo ra ẹ̀rọ tuntun, ohun kan náà ló ń sọ. Mo ní bóyá ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, àmọ́ ta ló máa bẹ̀rù mi tí kò ní bẹ̀rù dókítà? Mo tún rán wọn padà lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Nígbà tí wọ́n dé lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, tí o kò bá fẹ́ gbà mí, sọ ọ́ kí n mọ̀." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára.

Bí mo ṣe ń tú aṣọ ẹ̀rọ náà, èyí tí a ń wé mọ́ apá, kúrò lápá wọn, mo rí i pé díẹ̀ báyìí ló fi di ara rẹ̀ mú, etí rẹ̀ sì ti fa ìlà sí apá wọn. Mo yí inú aṣọ náà síta. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni 22–32 cm. Láti ọjọ́ tí mo ti ń lo irú ẹ̀rọ yìí, n kò kà á rí. Mo ní kí wọ́n bá mi wá téèpù. Àwọn fúnra wọn ló fà á yọ nínú báàgì, téèpù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ. A wọn apá wọn láàárín èjìká àti ìgúnpá: sẹ̀ǹtímítà 41.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: tí aṣọ yẹn bá kéré fún apá, àfi kó fún apá ju bó ṣe yẹ lọ kó tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró nínú iṣan. Agbára tó fi fún un yẹn ni ẹ̀rọ ń kà bí ìfúnpá. Ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2023 rí i pé tí a bá fi aṣọ tí gbogbo ènìyàn ń lò wọn ẹni tó yẹ kó lo èyí tó tóbi jù, nọ́ńbà òkè máa ń fi nǹkan bí 20 lékún. Mo wá aṣọ 32–52 tó bá ẹ̀rọ mi mu. Ó gbé 137/85. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá náà, a sì bẹ̀rẹ̀ ìrìn lọ́sẹ̀ yẹn.

Ẹ má wá ti ibí yìí máa sọ pé irọ́ ni gbogbo ìfúnpá tó bá ga. Ẹ wọn apá kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ ká apá bùbá sókè pátápátá, kí ẹ sì rántí pé aṣọ tó fẹ̀ jù fún apá tínrín máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru pamọ́. Ìyẹn ló ń já mi láyà jù.

*Nọ́ńbà wo ni kí n ti dá oníbàárà dúró?*

Tèmi ni kí nọ́ńbà òkè tó 180 tàbí kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ tó 110, lẹ́yìn tí mo bá ti tún un wọ̀n. Kò sí eré ìdárayá lọ́jọ́ náà, dókítà ló kàn. Bí àyà bá tún ń dùn ún, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí ẹ̀gbẹ́ ara kan kú, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pè mí.

*Ó ń làágùn, ó ń mí gúlegúle, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò sáré dé iye tí mo ṣírò.*

Ẹ bi í bóyá ó ń lo atenolol, bisoprolol tàbí propranolol. Irú oògùn bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ọkàn sáré, ẹ má máa lé nọ́ńbà náà kiri. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ bó ṣe ń rìn: tó bá lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbà á níyànjú kó fi oògùn náà sílẹ̀.

*Oníbàárà mú lẹ́tà dókítà dé, "ó lè ṣe eré ìdárayá" nìkan ló wà níbẹ̀. Jẹnotáìpù rẹ̀ sì jẹ́ SS.*

Ẹ dá lẹ́tà náà padà pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta: báwo ni kó ṣe le tó, kí ni kò gbọ́dọ̀ ṣe, àmì wo ni kí n rí kí n tó dá a dúró? Ọ̀dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú fòníkú-fọ̀la-dìde rẹ̀ ni kí ó lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ ẹni tí ó kàn bá ní kílíníìkì. Kí ìdáhùn tó dé, ẹ má gba owó oṣù lọ́wọ́ rẹ̀.