Rímù àti táyà tó yẹ jíìpù yín

Kí ẹ tó pààrọ̀ ẹsẹ̀ jíìpù yín, ẹ kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ìwé pélébé kan wà lára òpó ibẹ̀ tó sọ irú táyà tó yẹ ẹ́. Lexus RX 350 tèmi, ti 2011, 235/60R18 ló wà níbẹ̀.

235 ni ìbú táyà ní mílímítà. 60 ń sọ gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ìdá 60 nínú 100 ìbú yẹn, ìyẹn 141. 18 ni gíga rímù ní ínṣì, ìyẹn mílímítà 457. Ẹ ka 141 lẹ́ẹ̀mejì, ẹ fi 457 ti rímù kún un, ó di 739, ìyẹn gíga gbogbo táyà látòkè dé ìsàlẹ̀. Iye yìí ni kò gbọdọ̀ yí púpọ̀. 235/55R19 jẹ́ 741, ó bá a mu dáadáa.

255/45R20 náà bá a mu lórí ìwé, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ju 115 lọ. Mo gbé e sábẹ́ ọkọ̀ mi, ó rẹwà gan-an. Lálẹ́ ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, kòtò kan gbà mí: rímù tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ táyà sì yọ gẹ̀gẹ̀. Mo padà sí 18. Bí ọ̀nà yín bá dán, 19 dára, ọkọ̀ á tètè gbọ́ràn ní kọ́nà.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ wo ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà; nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Tí wọ́n bá dè é tán, ẹ yí sítíárìn dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹ tẹ́tí bóyá táyà ń ha nǹkan.