Àmì ìyọkúrò méjì tó gbé ìdajì àṣẹ mi mì

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò le lójú mi: kí n kó ìwé owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan kúrò lórí MySQL bọ́ sórí PostgreSQL, dátábéèsì ni àwọn méjèèjì. Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Lọ́jọ́ kẹta, màmá tó jẹ́ akápò wọn pè mí: "Ọmọ mi, láti àárọ̀ ni mo ti dá ẹgbẹ̀rún méjì náírà padà sínú àpò ẹnì kan, kò hàn o."

Mo wá àṣìṣe títí, n kò rí. Ohun kan ṣoṣo ló ṣe mí ní kàyéfì, ìyẹn èsì tí dátábéèsì fọ̀: UPDATE 63, ìyẹn ni pé ìlà 63 ló kàn, ìlà kan fún àpò kan. Àpò ẹnì kan la fẹ́ tún ṣe, kí ló kan gbogbo ẹgbẹ́? Mo bá tẹ àṣẹ náà síta:

UPDATE apo SET owo=owo--2000 WHERE id=14

Ẹni tó kọ kóòdù náà ṣáájú mi kàn ń lẹ ọ̀rọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ ni: "owo-", kó tó wá kan iye tí wọ́n yọ. Bí wọ́n bá ń dá owó padà, òdì ni iye yẹn, bẹ́ẹ̀ ni àmì ìyọkúrò méjì ṣe fara kanra. Lójú tíṣà ìṣirò, àròpọ̀ nìyẹn. Lójú SQL, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún dátábéèsì, `--` ni ìbẹ̀rẹ̀ àkíyèsí, kò sì ní ka ohunkóhun mọ́ títí dé òpin ìlà. WHERE, tó ń sọ àpò tí ọ̀rọ̀ kàn, bá a lọ. Ó wá ku owo=owo fún gbogbo èèyàn. Orí ló yọ mí; ká ní owo=500--2000 ló wà níbẹ̀ ni, àpò gbogbo wọn ni ì bá di 500.

MySQL kò ṣe irú èyí rí, torí pé kì í ka `--` sí àkíyèsí àfi tí àlàfo bá tẹ̀ lé e. Tẹ SELECT 5--3 níbẹ̀, 8 ni wàá rí. PostgreSQL àti SQLite, 5.

Ara mi ò balẹ̀ mọ́, mo bá ń dán oríṣiríṣi wò. 7*-2 fún mi ní -14. Ṣùgbọ́n 7%-2? Ó ní òun ò mọ àmì kankan tó ń jẹ́ `%-`. PostgreSQL gbà kí èèyàn ṣẹ̀dá àmì ìṣirò tirẹ̀, nítorí náà ó máa ń gbá àwọn àmì tó sún mọ́ra jọ pọ̀ ni. Bí + tàbí - bá wà nídìí wọn, ó máa ń tú u sílẹ̀, àyàfi tí ọ̀kan nínú ~ ! @ # % ^ & | ` ? bá wà láàárín wọn. `*` kò sí nínú wọn, `%` wà níbẹ̀. Fi àlàfo sí i, 7 % -2, yóò fún ọ ní 1. `'a'||-1` náà kò ní ṣiṣẹ́, ọ̀ràn kan náà ni.

Mo tu gbogbo ìlẹ̀mọ́ yẹn, mo fi $1 àti $2, àmì tó ń di àyè mú fún iye, rọ́pò wọn kí iye má bá àṣẹ rìn pọ̀ mọ́. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo Java, ẹ wo pgjdbc yín, ohun tó so Java mọ́ PostgreSQL: tí ẹ bá yan preferQueryMode=simple, òun fúnra rẹ̀ ló ń ki iye bọnú àṣẹ. Ibẹ̀ ni `-?` (`?` ni àyè iye) ti di `--` tí iye bá jẹ́ òdì, tó sì ṣílẹ̀kùn fún SQL injection, ìyẹn kí ẹlòmíì ki àṣẹ tirẹ̀ bọnú tiwa. Ní 2024 ni ẹ̀dà 42.7.2 rẹ̀ wá fi àkámọ́ yí iye ká.) Mo tún fi kún un pé tí UPDATE bá kan ju ìlà 1 lọ, ROLLBACK, kí gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà.

Mo tún dá owó náà padà. UPDATE 1. Mo pe màmá, ó ní òun ti rí i, ó wá bi mí pé ta ni yóò san owó kádì tí òun fi pè mí.