Bẹ́ ẹ ṣe máa rẹkọ́dù orin ayé Bach l'Ákùúrẹ́ kó dún bíi ti ìgbà yẹn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ rẹkọ́dù orin Bach tàbí Handel (àwọn tó kọ orin nílẹ̀ Yúróòpù ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn) kó dún bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ nígbà ayé wọn, ẹ má tíì ra máíkì o. Ilé lẹ máa kọ́kọ́ wá. Ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tí òrùlé ẹ̀ ga dáa, èyí tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kún inú ẹ̀ máa ń gbé ohùn mì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, tó bá rọra ń kú lọ, ó ti dáa, tó bá ta padà bíi pé ẹnìkan ń dá yín lóhùn, ẹ wá ibòmíì. Kó má sì sún mọ́ Ọjà Ọba.

Òru ló dáa jù, tí ọ̀kadà ti dínkù táwọn èèyàn ti pa jẹnẹrétọ̀. Bátìrì ni kẹ́ ẹ lò, ẹ pa fáànù, ooru á mú yín lóòótọ́ àmọ́ okùn ìfun àgùntàn tí wọ́n ń lò sára fayolíìnì nígbà yẹn, ohùn ẹ̀ ò le, fáànù lásán á bò ó. Òjò ńkọ́? Ẹ sún un síwájú, páànù ò ní gbà fún yín.

Nóòtì A, èyí tẹ́ ẹ fi ń tún ohun èlò orin ṣe, 415 Hz (iye ìgbà tó ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ni kẹ́ ẹ tún un sí, ó fi ìdajì ohùn rẹlẹ̀ sí 440 tòde òní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á ní 440 kẹ́ ẹ wá fi kọ̀ǹpútà fà á wálẹ̀, torí okùn tí wọ́n fà le kì í dún bí èyí tí wọ́n dẹ̀. Ọyẹ́ àti ọ̀rinrin máa ń yí ohùn okùn yìí, kẹ́ ẹ gbé ohun èlò orin wọlé ṣáájú kó lè mọ́ ilé lára, kẹ́ ẹ sì máa tún un ṣe láàárín orin kan sí èkejì.

Fún ẹgbẹ́ kékeré, máíkì cardioid (èyí tó ń gbọ́ iwájú ju ẹ̀yìn lọ) méjì tó, ORTF ni wọ́n ń pe ìlànà ẹ̀: 17 sẹ̀ǹtímítà láàárín wọn, kí wọ́n kọ ẹ̀yìn síra ní igun 110. Ẹ gbé e ga ju orí àwọn olórin lọ, kẹ́ ẹ wá fi etí wá ibi tó dáa. Tí ẹgbẹ́ bá pọ̀, máíkì omni (èyí tó ń gbọ́ ohùn láti gbogbo ẹ̀gbẹ́) mẹ́ta lẹ máa lò, ìlànà tí wọ́n ń pè ní Decca tree, táwọn ará Decca, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní London, bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1950 sí 1960. Tí ohùn harpsichord (ohun èlò àtijọ́ tó jọ píánò, àmọ́ tó ń fa okùn ta) bá ń sọnù, ẹ má fi máíkì tì í lẹ́nu! Ẹ sún un síwájú ni, torí bó ti wù kéèyàn tẹ̀ ẹ́ le tó kò ní pariwo, àwọn fayolíìnì ló gbọ́dọ̀ rọlẹ̀ fún un, àwọn olórin fúnra wọn ló ń wọn ohùn wọn, kì í ṣe ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà.

Ẹ gbà á ní 24-bit (ìwọ̀n bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ohùn sílẹ̀ kínníkínní), kí ohùn tó le jù má kọjá -10 dB lórí mítà, kò sí compressor (ohun tó ń tẹ ohùn tó le mọ́lẹ̀). Ẹ kọ orin náà tán lódindi bíi ẹ̀ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ tó máa tún ibi tó kù díẹ̀ gbà. Kẹ́ ẹ tó tú máíkì, kí gbogbo èèyàn dákẹ́ fún ìṣẹ́jú kan kẹ́ ẹ gba ohùn ilé yẹn nìkan, òun lẹ máa fi dí àlàfo nígbà tẹ́ ẹ bá ń gé e lẹ̀ mọ́ra.